“A ò ta ilé yìí”: ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ara ògiri Ring Road

1/ Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo lọ sílé bàbá mi lẹ́yìn Ring Road, n’Íbàdàn. Mo bá bàbá kan àti ọmọkùnrin wọn níwájú géètì, wọ́n ń fi téèpù wọn fẹ́ǹsì wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ̀ ń wọ̀n?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ilé wa tuntun nìyí. A ti san àsansílẹ̀.”

2/ Ara mi gbọ̀n. Bàbá tèmi ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kú nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ta ilé nínú wa. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ bàbá yẹn: fótókọ́pì ìwé ilẹ̀ wa, orúkọ bàbá mi, àwòrán tí awọnlẹ̀ yà, àti fọ́tò ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní àkọ́bí wọn. Mi ò rí ọkùnrin náà rí láyé mi.

3/ Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá mi ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì yẹn kan náà pé THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Òdòdó tí mọ́mì gbìn ló wá bo apá iwájú. FOR SALE nìkan ló hàn síta. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún.

4/ Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ gbé mọ́tò láti Challenge, ẹ máa bọ̀ ní Ring Road, ẹ yà sí àwọn títì inú. Ẹ ó rí i lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lára fúláàtì, lára ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n mọ odi yí ká: a ò ta ilé yìí, ẹ ṣọ́ra fún 419. Kí ló dé tí onílé ní láti máa pariwo pé òun ò ta nǹkan òun? Ìtàn ló wà nídìí ẹ̀. Ó gùn o, ẹ fà àga.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ilẹ̀ ò tíì jẹ́ ọjà. Ní nǹkan bí 1829, àgọ́ ogun ni Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló dó síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ogun lẹ́yìn ló ń gba ilẹ̀, òun náà ló sì ń pín in fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí agboolé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

6/ Mọ́gàjí ni olórí agboolé, àmọ́ Mọ́gàjí ò ni ilẹ̀. Olùtọ́jú ni. Àlejò tó bá fẹ́ dáko á gbé obì àtọtí wá, wọ́n á mú un lọ sóko, wọ́n á fi ààlà hàn án. Lọ́dọọdún á wá fi ìṣákọ́lẹ̀ jíṣẹ́: iṣu, àgbàdo, tàbí owó táṣẹ́rẹ́. Wọn ò fi ìyẹn ra ilẹ̀. Wọ́n fi ń sọ pé “mo mọ ẹni tó fún mi” ni.

7/ Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí bí a ṣe ń ni ilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹlẹ́sì Odògbólú wà lára àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀. Àlàyé wọn ni pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú ìdílé náà ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a ò tíì bí ò sì lóǹkà.

8/ Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ ra pùlọ́ọ̀tì. Tí òkú bá ni ín, tí ọmọ tí a ò tíì bí bá ni ín, ta ló máa fọwọ́ sí rísíìtì? Gbogbo wàhálà lánlọ́ọ̀dù Ìbàdàn, inú ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀.

9/ Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó di owó. Oníṣòwò, akọ̀wé, tíṣà, télọ̀ ya wọ̀lú. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ gan-an ní Òkè-Adó. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò wá dáko ẹ̀gẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n fẹ́ kọ́lé oníbíríkì tí ọmọ wọn máa jogún. Ta ló fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a?

10/ Ni obì bá di owó, ni owó bá di rísíìtì. Ìdílé tó gba owó ní òun fi ilẹ̀ “ta” àlejò lọ́rẹ ni. Àlejò tó sanwó ní òun rà á pátápátá. Bàbá méjì jókòó sídìí àdéhùn kan, wọ́n gbọ́ ọ sí ọ̀nà méjì, wọ́n tẹ̀ka, wọ́n kú. Àwọn ọmọ wọn ló wá pàdé ní kọ́ọ̀tù.

11/ Èkó ni ẹjọ́ tó lókìkí jù ti wá. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọn ò fẹ́ san owó ilẹ̀ tó péye fún Olóyè Amodu Tijani, ìyẹn Olúwa ti Èkó. Olúwa gbé ọ̀rọ̀ náà dé London, Herbert Macaulay bá wọn lọ. Ní 1921, Privy Council dá wọn láre: àwùjọ àti ìdílé ló ni ilẹ̀, ìjọba ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò lólúwa. Wọ́n san £22,500.

12/ A jó, a yọ̀. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdájọ́ tó dáàbò bo ìdílé lọ́wọ́ ìjọba ló tún fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá gbogbo ìdílé rí. Ní 1959, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika là á kalẹ̀: tí ọmọ ìdílé tí kì í ṣe olórí bá dá ta ilẹ̀, asán ni. Tí olórí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé mọ̀, wọ́n lè lọ kọ́ọ̀tù kí wọ́n dá a padà.

13/ Ẹ wá fi ìyẹn sórí Ìbàdàn tó ń wú bí àkàrà. Ìkànìyàn 1952 ka èèyàn 459,196. Ti 1963 ka 627,379. Yunifásítì ti wà láti 1948. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń gba òṣìṣẹ́. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ilé gbígbé ti Western Region sílẹ̀ ní 1958, èyí tó kọ́ Bódìjà fún àwọn tó rọ́wọ́ họrí. Àwọn yòókù ń kọ́, wọ́n sì ń yá.

14/ Apá ìhà wa náà jí. Liberty Stadium ṣílẹ̀kùn ní 1960. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní August 10, 1963, ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ adúláwọ̀. Títì tó yí ìlú ká mú oko súnmọ́ ọjà. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ síbi kan wá rí i pé ẹ̀gẹ́ ọdún mẹ́wàá ò tó owó pùlọ́ọ̀tì kan.

15/ Ibí yìí ni bàbá mi wọ inú ìtàn. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ra pùlọ́ọ̀tì kan ní 1984 lọ́wọ́ ìdílé kan tí mi ò ní dárúkọ. Àgbà mẹ́ta tẹ̀ka, bàbá mi gba rísíìtì, awọnlẹ̀ ri òpó. Ní 1987, wọ́n ti gbé ìpìlẹ̀ dé ojú fèrèsé, ni ẹ̀ka kejì ìdílé yẹn bá dé pẹ̀lú àdá. Wọ́n ní àwọn àgbà mẹ́ta yẹn ò pe àwọn.

16/ Kí ni bàbá mi ṣe? Wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín nígbà tó yá: “Èmi nìkan ni mo ra ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì fẹ̀ sí i.” Lẹ́yìn ìyẹn ni owó fandéṣàn, owó léńtù, owó dẹ́kìnì. Ọmọ onílẹ̀ ń kọ́lé pẹ̀lú ẹ ni, àfi pé ṣe ló ń gba owó dípò kó mú un wá.

17/ A máa ń bú ọmọ onílẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn. Lagos ṣòfin sí wọn ní 2016. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bàbá bàbá wọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, àgbà mélòó kan tà á, wọ́n ná an, àwọn ọmọ dàgbà sórí òfìfo. Ẹ̀tọ́ ọjọ́sí ló di jàgídíjàgan òní. Mi ò dá wọn láre. Mo kàn ń sọ ibi tó ti wá.

18/ Bó o bá wá bọ́ lọ́wọ́ ìdílé, o ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ní March 29, 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Land Use Decree jáde. Gbólóhùn kan yí gbogbo ìtàn padà: gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ di ti gómìnà, kó máa tọ́jú ẹ̀ fún aráàlú. Ohun tí onílé ní ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ẹ̀. C of O ni ìwé ẹ̀rí.

19/ Ẹ rántí Mọ́gàjí? Olùtọ́jú tí kì í ṣe olówó ilẹ̀? 1978 sọ gómìnà di Mọ́gàjí gbogbo ìpínlẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé obì àtọtí ò tó mọ́. Tó o bá fẹ́ ta ilé, tàbí fi yá owó ní báǹkì, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àdéhùn tí gómìnà ò fọwọ́ sí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

20/ Òfin yẹn tún ní tí ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ fún ànfààní ìlú, ohun tó o kọ́ sórí ẹ̀ ni wọ́n máa san owó ẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, rárá. Bàbá mi tó san owó ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì gbọ́ èyí, wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Wọn ò sọ nǹkan míì mọ́ lọ́jọ́ náà.

21/ Àti C of O wá di ogun. Ìwé ń lọ ìwé ń bọ̀, owó ń jáde. Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa kàn dúró sórí rísíìtì ìdílé àti ìwé awọnlẹ̀. Bàbá mi gbìyànjú. Wọ́n kó fótókọ́pì gbogbo ìwé wọn fún ẹnì kan tó ní òun á bá wọn sáré ẹ̀. Ẹni náà gba owó, ó pòórá. Ọ̀dún mélòó kan lẹ́yìn náà ni fótókọ́pì yẹn jáde lọ́wọ́ bàbá tó ń wọn fẹ́ǹsì wa.

22/ Ṣé ẹ rí i? Ògiri wa ń pariwo nítorí pé ìwé wa ò lẹ́nu. Ibi tí ìwé ìjọba ò bá tíì dúró dáadáa, ẹni tó bá ní fótókọ́pì àti ojú líle lè di onílé fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan sì tó láti gba àsansílẹ̀.

23/ Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dò díẹ̀, torí omi náà jẹ́ ọ̀tá lánlọ́ọ̀dù. Ní Sunday, August 31, 1980, Ògùnpa kún. Òjò rọ̀ fún wákàtí tó pọ̀, odò ya wọlé, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́: ó ti kún ní 1960, 1963 àti 1978. Ọmọ Ìbàdàn tó ti dàgbà nígbà yẹn ò gbàgbé omíyalé.

24/ Kí ló fà á? Òjò, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ilé tún ti wọ ọ̀nà odò, ìdọ̀tí sì ti dí i. Pùlọ́ọ̀tì etí odò ló dínwó jù, àwọn tí owó wọn ò tó ló ń rà á. August 26, 2011, òjò tún kó ìlú, ó wó afárá, èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún tún lọ. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé yá wa ní $200 mílíọ̀nù láti bójú tó àkúnya omi n’Íbàdàn.

25/ Bàbá mi ní nítorí 1980 ni àwọn ṣe ra ilẹ̀ òkè tó wọ́n díẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń kọ́ni ra ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn 2011, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ọ̀rẹ́ wọn yẹn, pé ó súnmọ́ odò jù. Bàbá yẹn ní páànù tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn ìwé àwòrán ilé. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí èèyàn sọ fún irú onílé bẹ́ẹ̀.

26/ Ọ̀dà pupa kì í ṣe ti tálákà nìkan ṣá. August 19, 2018, ní Challenge níbí, katapílà wó apá kan Music House, ilé Yinka Ayefele níbi tí Fresh FM wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé náà ta ko òfin ìkọ́lé. Èèyàn púpọ̀ bínú. Ẹnikẹ́ni tó bá jàre, gbogbo lánlọ́ọ̀dù Ring Road ló lọ tú àpótí wọn wò lóru ọjọ́ yẹn, kí wọ́n mọ̀ bóyá páànù wọn ṣì wà.

27/ Ó wá ku ayálégbé. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ayálégbé lọ̀pọ̀ nínú wa, èmi náà jẹ́ ẹ ní Agbowó fún ọdún mẹ́rin. Mo mọ lánlọ́ọ̀dù tó ń yọ fíúùsì iná. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà ní ayálégbé kan tó gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ fún ọdún méjì àtoṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Bó bá rí bàbá mi, á ní, “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ó sì ń ra mọ́tò.

28/ Kí ló dé tí bàbá mi ò lé e? Òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Tí àdéhùn ò bá sọ nǹkan míì, ẹni tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù mẹ́fà, kó tún gba ti ọjọ́ méje, kó tó kan kọ́ọ̀tù. Kí déètì kan yẹ̀ báyìí, lọ́yà ayálégbé á ní kí ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ látorí oókan.

29/ O ò sì gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn. Ní 1985, ìjọba ológun Lagos fi agbára lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí, ẹjọ́ sì wà nílẹ̀. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ìjọba wí: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ gba ìdájọ́, kódà gómìnà. Ìdájọ́ tó dára ni. Tí gómìnà ò bá lè ṣe é, kí lẹ rò pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì máa ṣe?

30/ Lánlọ́ọ̀dù náà jẹ ìgbádùn díẹ̀ nígbà tó yá. Ẹjọ́ Pillars Nigeria àti Desbordes: àdéhùn ilẹ̀ 1977 ní Lagos, wọ́n gbé e lọ kọ́ọ̀tù ní 1993, ó parí ní February 5, 2021. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àléébù inú ìwé ìkìlọ̀ ò gbọdọ̀ di ibùba fún ayálégbé tí kò sanwó. Ìwé ẹjọ́ tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti tó ìkìlọ̀.

31/ Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. 1993 sí 2021. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bàbá mi ò ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n bá ayálégbé yẹn ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù ń ṣe: wọ́n dárí gbogbo gbèsè jì í, wọ́n tún fún un lówó tó máa fi kẹ́rù. Ọjọ́ tó lọ, mọ́mì se ìrẹsì.

32/ Kí ló dé tí wọ́n ṣì fi ń kọ́lé pẹ̀lú gbogbo èyí? Torí pé bàbá mi mọ bí owó pẹ́ńṣàn ṣe ń pẹ́. Iran wọn rí i tí owó ń yọ́ ní báǹkì. Búlọ́ọ̀kù kì í yọ́. Owó ilé fúláàtì mẹ́ta ló rán èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi níwèé. Nítorí náà, tí mo bá ń pe ilé yẹn ní wàhálà, ẹ mọ̀ pé wàhálà yẹn ló kọ́ mi ní àkọtọ́ tí mo fi ń kọ eléyìí.

33/ Ìṣòro tó kẹ́yìn ò ti ìta wá. Àwa ọmọ ni. Bàbá mi ò ṣe wíìlì. Ìtàn ìyẹn náà ti pẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908 àti 1909, lórí ilé Olóyè Mabinuori tó kú ní 1874, ó hàn pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ báyìí di ilé ìdílé. Gbogbo ọmọ ló ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin.

34/ Ní 1962, Privy Council tún parí ọ̀rọ̀ ogún Suberu Dawodu tó kú ní 1940, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan ọgbọọgba, àbí orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ọgbọọgba? Wọ́n ní ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá tó dúró. Bàbá kú ní 1940, ìdáhùn dé ní 1962.

35/ Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wà ní London. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yẹn, wọ́n pè. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká tà á, ká pín in, kí olè má bàa bá wa tà á.” Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo ro ó, wọn ò jẹ̀bi tán. Owó táwọn ayálégbé wa ń san ò tó kun ilé mọ́ látìgbà tí nǹkan ti wọ́n. Ring Road sì ti di ojú ọjà. Láti 2014 tí Palms ti dé, àwọn tó ń wá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ ká sinmi.

36/ Mo bi mọ́mì. Òkè ni wọ́n ń gbé, nínú fúláàtì kan náà látìgbà tí ilé yẹn ti parí. Wọ́n ní, “Kí ẹ tó tà á, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹ́ tiyín.” Ó ṣe mí bí òwe. Lọ́yà ló wá tú u fún mi: tí ìwé ò bá kúrò lórúkọ òkú, a ò lè tà á dáadáa, a ò lè yá a dáadáa, a ò sì lè fi dáàbò bo ara wa. Ìwé yẹn ni olè rí kó tó rí ilé.

37/ Nítorí náà, ohun tí a ṣe nìyí. A lọ sí High Court, Ring Road níbí, a bẹ̀rẹ̀ letters of administration lórúkọ gbogbo ọmọ, ẹ̀gbọ́n London náà fọwọ́ sí i. A gba lọ́yà tó wo fáìlì wa ní ẹ̀ka ilẹ̀ ní Àgódi. A mú C of O lọ́nà tó tọ́, láìgba ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó wọ́n. Ó lọ́ra. A ṣì wà lórí ẹ̀.

38/ Ẹ tọ́jú nǹkan kan lọ́kàn. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìwé, lílò ó bí onílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, gbígbé orí ẹ̀ pẹ́ láìsí ìyọnu, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni.

39/ Ìyẹn ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láàyè: ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gba ìtàn ilé sílẹ̀. Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti rà á? Ta ló jẹ́rìí? Níbo ni rísíìtì wà? Ta ló ní fótókọ́pì? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Rísíìtì 1984 wa, inú Bíbélì la ti rí i. Ti owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 1987, a ò rí i títí dòní.

40/ Bàbá tó ń wọn fẹ́ǹsì ńkọ́? Wọ́n ṣì máa ń pè mí. Dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ti mú ẹjọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, fóònù “àkọ́bí” yẹn ò lọ mọ́. Wọ́n ní owó yẹn, ogún ọdún làwọn fi kó o jọ, torí àwọn náà fẹ́ kọ́lé tí wọ́n á fi jẹun lọ́jọ́ ogbó. Bàbá mi ni mo ń rí nínú wọn.

41/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé òdòdó mọ́mì kúrò lára fẹ́ǹsì, mo ra ọ̀dà. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí: A Ò TA ILÉ YÌÍ. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Ẹ̀gbọ́n London rí fọ́tò ẹ̀, wọ́n ní, “O ti dá ìpinnu ṣe nìyẹn?” Mo ní rárá sà, ká tiẹ̀ kọ́kọ́ ní in ná. Wọn ò tíì dáhùn.

42/ Tí ẹ bá ní ìtàn ilé tiyín, ti lánlọ́ọ̀dù o, ti ayálégbé o, ti ọmọ onílẹ̀ pàápàá, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Mo máa kà á tán. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ilé ní Ring Road tàbí ibikíbi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ká ní bàbá yẹn kan géètì wa, mọ́mì wà lókè. Wọn ì bá gbọ́.